Ẹni Tó Ní Dúró

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ iná wà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi irọ́ ṣeré. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ yàrá kan lọ́la, tí afẹ́fẹ́ tútù ń jáde láti òkè àjà, tó sì gbọ́ ohùn níbi tí kò sí ènìyàn, kó rántí pé mo ti wí tèmi.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹ̀rọ tó wúwo dé àyè rẹ̀, kó sì gbé e kalẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀rọ amúlétutù ńlá ló ń gbé jù. Kì í ṣe èyí tí à ń kàn mọ́ ògiri o. Àpótí onírin ni, ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì gùn bí ọkọ̀ akẹ́rù. Abẹ́ ilé tàbí orí òrùlé ni wọ́n máa ń gbé e sí, yóò wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù fífẹ̀ lọ sí gbogbo yàrá. Ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀. Ènìyàn lè ṣí i, kó wọlé, kó sì nàró nínú rẹ̀.

Ẹnu-Kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọkùnrin yìí. Ìdí ni pé bí ẹrù bá ti wà lórí ṣéènì, ẹnu kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ, ẹnu tirẹ̀ sì ni. Ó ní ẹnu púpọ̀ ní í já ẹrù lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yọ̀ǹda fún gbogbo ayé: "Dúró!" Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ ọ́, ìbáà ṣe agbálẹ̀ tó ń kọjá lọ, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìrù. Ẹni tó ní dúró ló gbọ́dọ̀ sọ pé "Ó yá." Yóò sọ ohun tó rí. Wọn yóò tún un ṣe. Yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ gbogbo ènìyàn pátá, kò ní í sí èyí tó wà lábẹ́ ẹrù. Ìgbà náà ni yóò tó sọ ọ́. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́. Nígbà kan, ẹnjiníà aláṣọ funfun kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní "Dúró!", ó sì jáde lọ dá fóònù lóhùn. Ẹnu-Kan jókòó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó. Wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n mu tíì, ẹrù ń fì lókè, títí ẹnjiníà fi padà dé, tí wọ́n ní kó wá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tún bá wọn ṣe irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àbúrò Ẹnu-Kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Kíá ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sí ohun tí kò kán an lójú. Kí ẹlòmíràn tó ṣan ọwọ́, Kíá ti ń wá omi mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n," gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, Kíá á sì ní òun kò tíì rí èyí tó bà lé òun.

Ìwà wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ohùn wọn jọra bí omi ṣe jọ omi. Ìyá tó bí wọn kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lórí fóònù. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni, "Èwo nínú yín nìyí?"

Nígbà tí bàbá wọn kú, Kíá kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nígbà tó dàgbà tó ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ ṣe, ìyá wọn mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ọwọ́ Ẹnu-Kan. Ó ní, "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Bí mo ṣe fún ọ yìí gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe máa dá a padà fún mi ní ìrọ̀lẹ́." Ẹnu-Kan kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn rí. Òun gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tó le bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, abẹ́ ilé alájà púpọ̀ kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ ni lóde, oòrùn wà, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀rọ kò ní fèrèsé kankan. Iná kan ṣoṣo ni Oníná fi kọ́ sára ògiri. Obìnrin ni Oníná, ẹni tó ń so wáyà, tó sì ń di kọ́kọ́rọ́ iná mú. Ibi tí iná rẹ̀ kò dé, dúdú ni. Kọnkéré tuntun ń rùn, irin ń rùn, omi kan sì ń kán níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Wọ́n ti fi ṣéènì gbé àpótí náà sókè. Pèpéle kọnkéré ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi rọ́bà nípọnnípọn sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ má baà wọ inú ilé. Kíá ló ń tọ́jú rọ́bà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọ̀pá gígùn ló gbọ́dọ̀ fi tì í padà. Ọwọ́ kì í wọ abẹ́ ẹrù tó wà lókè, ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn. Akoto pupa ló dé lórí lọ́jọ́ náà. Tirẹ̀ ti là, Oníná ló yá a ní tiẹ̀.

Àwọn méjì ló ń fa ṣéènì. Ẹnu-Kan dúró níwájú, ojú rẹ̀ wà lókè lára ìkọ́ irin.

"Rọra," ó wí. "Rọra. Ó ku díẹ̀."

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Bí eyín ṣéènì ṣe ń dún nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dúró!"

Ṣéènì dúró. Gbogbo wọn dúró. Omi tó ń kán pàápàá, Oníná ní òun kò gbọ́ ọ mọ́.

Ohùn náà kò ti ẹ̀yìn wá. Kò ti iwájú wá. Inú àpótí ló ti wá. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ki orí bọ inú àgbá, tó wá pariwo. Ohùn Kíá sì ni.

Ẹnu-Kan bojú wolẹ̀. Kíá wà ní igun rẹ̀, ó ń dìde láti orí ìkúnlẹ̀, ó ń gbọn eruku kúrò lórúnkún. Eruku wà ní èjìká rẹ̀ náà.

"Kí lo rí?" Ẹnu-Kan bi í.

"Èmi kọ́, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ohùn ẹ ni."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Èmi kọ́. Ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Ṣé mi ò mọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀ ni?"

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà bó ṣe ń fì. Oníná tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Irin tuntun, fáànù, àwọn asẹ́ afẹ́fẹ́. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹnu-Kan yẹ ṣéènì wò, ó yẹ ìkọ́ wò, ó yẹ rọ́bà wò. Ó dára gbogbo rẹ̀. Òtútù kan wà nínú yàrá náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò sì tíì ṣiṣẹ́.

Wọ́n wá ń wo ara wọn. Àlàyé ti tán, òfin ló kù. Ta ni yóò sọ pé ó yá? Ẹni tó ní dúró kò sí láàárín wọn.  Ẹnu-Kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dúró de onítọ̀hún. Ì bá sọ ọ́! Wọn ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n ì bá sọ ọ́.

Kíá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ó dáa. Èmi ni. Èmi ni mo ní dúró. Ó yá."

Àwọn tó ń fa ṣéènì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì fà á. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Àpótí náà bà sórí rọ́bà jẹ́jẹ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í mọ̀ ní ọjọ́ tó bá ń kọrin.

Ẹnu-Kan ní àṣà kan. Ó máa ń ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara kàlẹ́ńdà àtijọ́, á fi há inú akoto rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti jókòó tán, á fi bébà náà wọ àárín ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti rọ́bà ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wọlé, ẹ̀rọ ti jókòó. Ní ọjọ́ yẹn, kò wọlé ní igun èkíní. Kò wọlé ní èkejì àti ẹ̀kẹta. Ní igun ti Kíá, ó kọjá wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ohunkóhun kò tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀.

Wọ́n di bóòtù. Wọ́n tú ṣéènì kúrò pátápátá. Wọ́n gbé igi ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò lé e, ó tẹ́jú rẹ́gí. Bébà ṣì ń kọjá.

"Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, rọ́bà yẹn á jókòó," ẹnjiníà wí. Ó fẹ́ lọ jẹun.

Ara fu Ẹnu-Kan, ṣùgbọ́n ó gbà. Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó dá a padà fún ìyá wọn bó ṣe gbà á. Ó kéré tán, ohun tó rò nìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ páìpù wá, wọ́n so páìpù omi àti páìpù afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ó wá kan ọjọ́ tí wọ́n máa tàn án. Kíá kò bá wọn lọ lówùúrọ̀ yẹn, ó ní òun á tẹ̀ lé wọn. Ó ń wá sálúbàtà rẹ̀. Oníná lọ sí abẹ́ ilé láti tan ẹ̀rọ. Ẹnu-Kan gòkè lọ, ó dúró nínú yàrá òfìfo kan, ó na ọwọ́ sókè sí ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde.

Ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń mí. Eruku díẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, ó tutù. Ọ̀rọ̀ kan wá bá afẹ́fẹ́ náà jáde, jẹ́jẹ́, sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Dúró."

 Kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Èwo nínú yín nìyí?"

"Èmi ni, Màámi. Èmi àgbà."

"Máa bọ̀. Àbúrò ẹ ò mira mọ́."

Ó bá Kíá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún wọ abẹ́ ibùsùn títí dé èjìká, ó sì fi orí dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń mí. Wọ́n gbé ibùsùn kúrò lórí rẹ̀, ọwọ́ náà kò ká. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọwọ́ náà ṣì nà, orí ṣì dẹ̀gbẹ́. Sálúbàtà tó ń wá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Dókítà tan iná sí i lójú. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀. Ó ní kò sí eegun tó ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ọkàn ń lù, òun kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n ṣì máa gbé e lọ sílé.

"Ó kàn dà bí ẹni tó ń retí nǹkan," ó wí.

Ẹnu-Kan fi omi gbígbóná ra ìka àbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tẹ̀. Ó sunkún lójú ìyá rẹ̀, kò sì fi pamọ́.

"Kí lẹ ṣe fún un níbi iṣẹ́?" ìyá bi í.

Ó sọ fún un. Ó sọ ti ohùn inú àpótí, ó sọ bí Kíá ṣe gba ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán. Òfin iṣẹ́ yẹn ti di òfin ilé wọn tipẹ́, kò sí ohun tó ṣókùnkùn sí i nínú rẹ̀.

"Ẹnì kan ló dá a dúró," ó wí. "Onítọ̀hún nìkan ló lè ní kó máa lọ. Lọ bá a. Lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìwọ lo sì wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú eegun. Ó pe Oníná.

Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kò ṣí ni wọ́n lọ. Oníná pa iná ẹ̀rọ náà, ó fi àgádágodo sí i, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Ẹnu-Kan lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án mọ́ ọn lára. Ó wọlé.

"Tì í," ó wí.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí mo fi máa tì í?"

"Ó wà ní títì lọ́jọ́ yẹn."

Oníná tì í. Òkùnkùn ibẹ̀ kò ní àlàfo. Ó ń gbóòórùn irin àti omi tó ti sùn. Ẹnu-Kan rọra sọ̀rọ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ sí i.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dúró. Ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ò mọ̀. Ìkánjú ló ń ṣe é. Ẹ bá wa sọ pé ó yá."

 Ó dúró pẹ́. Ó tún un sọ. Ó ti ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti jáde nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fì.

Ó fì díẹ̀, ó padà. Àpótí tí wọ́n ti fi bóòtù dè mọ́ kọnkéré ń fì bí ohun tó wà lórí ìkọ́. Ó sì gbọ́ ọ níta, lókè orí rẹ̀.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

"Rọra," ohùn kan wí níta. "Rọra. Ó ku díẹ̀."

Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

 Àpótí náà tún fì, Ẹnu-Kan ṣubú lulẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan sì kàn án lójú. Ihò tí omi máa ń gbà sàn jáde wà ní ìsàlẹ̀ àpótí náà. Ó fi ojú sí i. Ó rí pèpéle. Ó rí rọ́bà kan tó ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ó rí ọwọ́ kan tó nà wọlé títí dé èjìká, tó ń tì í padà, àti akoto pupa tó dẹ̀gbẹ́ lábẹ́ igun irin. Kò sí ọ̀pá níbẹ̀. Ọwọ́ ni Kíá fi ń tì í, nítorí ọwọ́ ló yá jù. Irin náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ lé e lórí.

Kò ronú. Ta ni yóò ronú?

"Dúró!" ó ké.

Ohun gbogbo dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ inú ihò náà kú, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń gbọ́ wọn lóde, jìnnà, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń bi Kíá ní kí lo rí. Ó gbọ́ Kíá tó ní òun kọ́. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó sì gbọ́ ẹ̀rín.

"Má sọ ọ́!" Ó ń fi ìkúùkù lu irin. "Kì í ṣe tìẹ! Èmi ni! Èmi ni!"

"Èmi ni mo ní dúró," Kíá wí lóde. "Ó yá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Oníná ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun gbọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. 

"Ọ̀gá, ohùn ọjọ́ yẹn gan-an ni."

Ẹnu-Kan jókòó sórí kọnkéré, ó sì rò ó. Òun ló ní dúró. Nígbà náà, òun ló lè sọ pé ó yá. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó wà ní ẹnu rẹ̀ látìgbà yìí, ìyá rẹ̀ ì bá má ti sunkún. Ó la ẹnu.

Ó pa á dé. Kò tíì rí ọwọ́.

Ó ti rí i tí ọwọ́ náà wọlé. Kò rí i tó jáde. Ní ọjọ́ yẹn, lóòótọ́, Kíá ti dìde nígbà tí òun yíjú sí i. Ṣùgbọ́n Kíá wo ló dìde? Èwo ló wà nílé pẹ̀lú ọwọ́ tó nà? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ó bá sọ pé ó yá, tí ọwọ́ náà ṣì wà lábẹ́ irin níbòmíràn, ṣéènì yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ó yọ bébà kàlẹ́ńdà láti inú akoto rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní igun ti Kíá, ó sì tì í wọ àárín ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àti rọ́bà. Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò wọlé wẹ́rẹ́ mọ́. Ó ń há díẹ̀díẹ̀. Ẹnu-Kan fẹ́ fà á padà.

Ohun kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò já a gbà. Ó rọra gbà á ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá gba nǹkan tí wọ́n nà sí i. Bébà náà wọlé tán. Oníná rí i. Ó ní àlàfo tó wà níbẹ̀ kò lè gba èékánná ọmọ ọwọ́.

Fóònù dún.

"Èwo nínú yín nìyí?" ìyá rẹ̀ bi í. Ó ti bínú sí ara rẹ̀ kó tó parí ìbéèrè náà. Àṣà ni. Ó bú sẹ́kún. "Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti di ọwọ́ mọ́ ọn. Mo jókòó tì í, n kò kúrò níbẹ̀. Ta ló fún un?"

"Kí ló wà lára bébà náà, Màámi?"

"Ìdajì òǹkà kan. Ó dà bíi ti kàlẹ́ńdà."

Ẹnu-Kan sọ gbogbo ohun tó rí nínú àpótí fún un. Kò fi ọ̀kan bò.

"Ìwọ ni?" ìyá wí. "Ìwọ lo ní dúró? Sọ ọ́ nígbà náà! Sọ pé ó yá! Mo ti gbé fóònù sí i létí. Sọ ọ́, mo fi ọmú bẹ̀ ọ́."

"Màámi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ọwọ́ rẹ̀ nìyí níwájú mi! Mo dì í mú!"

Ohùn rẹ̀ jìnnà, fóònù ti kúrò létí tirẹ̀. Ẹnu-Kan ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀, wọlé, jáde, wọlé. Ó fẹ́ràn ọmọ yìí. Ó tẹ́tí sí èémí náà bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà náà ló gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ èémí náà, nínú fóònù, láti yàrá tí kò sí irin kankan.

Kẹ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀.

Kẹ́.

"Dúró," ni Ẹnu-Kan wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Dúró sí i, àbúrò mi. Má ṣe mira. Mò ń wá ọwọ́ ẹ."

Ìró náà dáwọ́ dúró.  Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá rẹ̀ padà sórí fóònù, ó kéré.

"Èwo nínú yín ló sọ ìyẹn?"

Kò dá a lóhùn, nítorí kò dá a lójú.

Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù dáadáa, kò sẹ́ni tó ń ráhùn. Kíá ṣì wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ nà. Ìyá kò bá àkọ́bí rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣahun rẹ̀ fún òun. Ẹnu-Kan kò gbé ẹrù mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó yá níbi tó bá wà. Ní àràárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, Oníná á ṣí yàrá ẹ̀rọ fún un. Á kúnlẹ̀ ní igun yẹn, á ya bébà kàlẹ́ńdà, á nà án sí abẹ́ irin. Ohun kan á sì gbà á. Bó ṣe mọ̀ pé ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn.

Oníná ló sọ fún mi pé bébà náà ń há sí i, pé irin náà ń jókòó díẹ̀díẹ̀. Ní àná, Ẹnu-Kan pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó rí i tì wọlé.